Ogun Tútù: kí ló dé tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ò fi dojú ìbọn kọ ara wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ Ogun Tútù ni mo gbé wá. Gbogbo ìwé tí mo ń kà ló ní láti nǹkan bí 1947 títí di 1991 ni Amẹ́ríkà àti Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì fi bára wọn ṣọ̀tá. Ọ̀kan ń gbé òwò àdáni lárugẹ, èkejì ń gbé kọ́múníìsì lárugẹ, ṣùgbọ́n wọn ò bára wọn jà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń rú mi lójú. Àwọn méjèèjì ló ní ọmọ ogun ní Jámánì. Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, dí ọ̀nà tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn Berlin pa, ìyẹn apá ìlú tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Faransé, Amẹ́ríkà ní bàálù lòun á máa fi gbé oúnjẹ wọlé. Kí ló dé tí wọn ò já àwọn bàálù yẹn lulẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ni bàálù ayé ọjọ́un lè bọ́ ìlú tó ní mílíọ̀nù méjì èèyàn?

Èkejì: ní Cuba lọ́dún 1962, kí ni wọ́n ṣe ní pàtó tí ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ̀rù bọ́ǹbù ló bà wọ́n" dá mi lóhùn, torí ní 1948 Sófíẹ́ẹ̀tì ò tíì ní bọ́ǹbù átọ́míìkì kankan. Ẹ ṣeun.

Àgbà Òǹkàwé fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè gidi. Ti Berlin ni n ó mú, ẹlòmíì á bá wa mú ti Cuba.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé gbogbo ìgbà ni Moscow àti Washington ń wá bí wọ́n á ṣe to ọ̀rọ̀ débi pé ẹnìkejì ló máa ní láti kọ́kọ́ yìnbọn. Stalin ò yìnbọn rárá nígbà tó dí ọ̀nà Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1948. Owó tuntun, Deutsche Mark, tí Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Faransé gbé jáde ní apá tiwọn ní Jámánì ní ọjọ́ 20 oṣù náà ló bí i nínú. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kàn ní ojú irin ti bàjẹ́, afárá ń fẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì gé iná mànàmáná tó ń wá láti ìlà oòrùn. Berlin wà láàárín ilẹ̀ tí Sófíẹ́ẹ̀tì ń ṣàkóso gbáà, ó tó 160 kìlómítà sí ààlà. Bí Amẹ́ríkà bá fi táǹkì já ọ̀nà náà gbà, Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ogun nìyẹn. Ọ̀gágun Lucius Clay, olórí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Jámánì, tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ ológun gba orí títì lọ. Washington ò gbà.

Ojú òfuurufú ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1945 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣàkóso Jámánì ti fọwọ́ síwèé pé ọ̀nà òfuurufú mẹ́ta ni yóò máa wọ Berlin, kí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 20 máìlì. Sófíẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Kò sí irú ìwé tó ká ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún títì àti ojú irin. Ẹni tó bá já bàálù tó ń gbé ìyẹ̀fun lulẹ̀ nínú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ti di ẹni tó dá ogun sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ tún wo èyí: ní Berlin, ọ́fíìsì kan wà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń bójú tó ètò ìrìn bàálù. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi dí ọ̀nà, àwọn ọ̀gá ológun Sófíẹ́ẹ̀tì ò fi ìdí wọn kúrò lórí àga níbẹ̀. Wọ́n ń gba ìwé ìrìn àwọn bàálù tó ń wá tú ìdótì wọn ká, torí wọn ò fẹ́ kí bàálù kọlu bàálù. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1948, nígbà tí ọkọ̀ ogun Yak-3 kan kọlu bàálù Viking ti Bìrìtìkó nítòsí Gatow, pápákọ̀ Bìrìtìkó ní Berlin, tí gbogbo ẹni tó wà nínú méjèèjì sì kú.

Ní ti bóyá ó ṣeé ṣe: nígbà tí ọ̀nà dí, oúnjẹ ọjọ́ 36 àti èédú ọjọ́ 45 ló wà ní ìwọ̀-oòrùn Berlin. Wọ́n ṣírò oúnjẹ tó lè gbé ẹ̀mí ró lójúmọ́, ó jẹ́ 1,534 tọ́ọ̀nù. 646 nínú rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun àti àlìkámà, 180 jẹ́ ọ̀dùnkún gbígbẹ, 180 jẹ́ ṣúgà, 144 jẹ́ ẹ̀fọ́ gbígbẹ, 109 jẹ́ ẹran àti ẹja, 64 jẹ́ ọ̀rá, 38 jẹ́ iyọ̀, kọfí gan-an ní 11. Ẹ kíyè sí "gbígbẹ" yẹn. Omi ló wúwo jù nínú oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tó ní àyè láti fi bàálù gbé omi. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbé búrẹ́dì tó ti jinná: ìyẹ̀fun pẹ̀lú èédú tí wọ́n á fi yan án fúyẹ́ jù ú lọ. Èédú ló wá kó ọ̀pọ̀ ẹrù jọ, torí ilé iṣẹ́ iná, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń lò ó. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ lé ní 4,500 tọ́ọ̀nù lójúmọ́.

Bàálù C-47 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ò gbé ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ. Ẹ fi pín 4,500, ẹ ó rí i pé ìrìn 1,500 ni lójúmọ́. Kò ṣeé ṣe. C-54 ló gba ìlú náà là, torí ó ń gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ohun kejì tó gbà wọ́n là ni William Tunner, ọ̀gágun tí wọ́n fi ṣolórí iṣẹ́ náà ní ìparí oṣù keje. Ojú ẹni tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ ló fi ń wo iṣẹ́ ọ̀hún. Ó rí i pé lẹ́yìn tí bàálù bá balẹ̀ tán ni àkókò tó ń ṣòfò pọ̀ jù.

Ọjọ́ tó kọ́ wọn lọ́gbọ́n ni ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ. Ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ dé orí ilé ní Tempelhof, pápákọ̀ Amẹ́ríkà ní Berlin, òjò ń dà. C-54 kan balẹ̀, ó sá kọjá òpin ọ̀nà, ó gbiná. Táyà èyí tó tẹ̀ lé e bẹ́. Ẹ̀kẹta bà sórí ọ̀nà tí wọn ò tíì parí, ó sì lọ́ yíká. Gbogbo bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá ń yí lókè, ọ̀kan lórí èkejì láti 3,000 dé 12,000 ẹsẹ̀ bàtà, láàárín ìkùukùu, wọn ò ríra wọn. Tunner fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀kan lára àwọn tó ń yí yẹn. Ó gba rédíò, ó ní kí gbogbo wọn padà sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin dé. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò gbọdọ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Kó gbé ẹrù ẹ̀ padà, kó lọ tò sẹ́yìn. Yálà ojú ọjọ́ dáa tàbí kò dáa, ẹ̀rọ ni kí awakọ̀ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ojú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kó wà láàárín bàálù kan sí èkejì. Ọ̀nà àríwá àti ti gúúsù wà fún wíwọlé, ti àárín wà fún jíjáde nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdé ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ tó bá dé Berlin ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù ẹ̀: mọ́tò ló ń gbé kọfí àti ìpápánu wá bá a, onímọ̀ ojú ọjọ́ náà á sì wá bá a níbẹ̀. Kó tó mu kọfí tán, àwọn òṣìṣẹ́ ará Berlin á ti já ẹrù. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni, síbẹ̀ Tunner gba àwọn mẹkáníìkì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfuurufú Hitler pé kí wọ́n wá máa tún bàálù Amẹ́ríkà ṣe, torí òṣìṣẹ́ ò tó.

Ẹrù fúnra ẹ̀ ń ba bàálù jẹ́, àwọn èèyàn kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Inú àpò ológun ni wọ́n ń kó èédú sí, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ bàálù wọlé, ó ń bo wáyà, ó ń jẹ okùn irin tí wọ́n fi ń darí ìrù àti apá. Iyọ̀ burú ju ìyẹn lọ. Bó bá dà sílẹ̀ tó sì pàdé ọ̀rinrin, ó ń jẹ irin bàálù ni. Bìrìtìkó ló rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n gbé iyọ̀ sínú Sunderland, bàálù tó ń balẹ̀ sójú omi, tí wọ́n ti kun inú àti ìta rẹ̀ látìlẹ̀ kí iyọ̀ òkun má bàa jẹ ẹ́. Orí odò Havel ló ń balẹ̀ sí. Nígbà tí òtútù fẹ́ sọ omi di yìnyín, wọ́n gbé iyọ̀ bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ abẹ́ bàálù Halton, níta pátápátá.

Pápákọ̀ méjì ò tó, wọ́n bá kọ́ ẹ̀kẹta ní Tegel. Katakata àti ẹ̀rọ ìtẹ́lẹ̀ tóbi ju ẹnu ọ̀nà bàálù lọ, nítorí náà wọ́n fi iná gé wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n gbé wọn dé Berlin, wọ́n tún jó wọn pọ̀. Àwọn ará ìlú tó lé ní 17,000, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ló fi àlòkù bíríkì ilé tí bọ́ǹbù wó tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀. Oṣù kọkànlá ni bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀, láì tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 15 sí 16 oṣù kẹrin 1949, lákòókò Àjíǹde, wọ́n gbé 12,941 tọ́ọ̀nù èédú nínú ìrìn 1,398 láàárín wákàtí 24, ìjàǹbá kankan ò ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni ìwọ̀-oòrùn ti dáwọ́ irin àti èédú tó ń lọ sí apá Sófíẹ́ẹ̀tì dúró, ìyẹn sì ń dun àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ìdótì tú ká ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 1949. Wọ́n ṣì ń gbé ẹrù títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án kí oúnjẹ lè wà nílẹ̀, bí Stalin bá tún yí ọkàn padà. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2.3 tọ́ọ̀nù. Èèyàn 101 ló kú sí i, ìjàǹbá ló sì pa wọ́n, kì í ṣe ìbọn.

Ẹyẹ Òkè fèsì:

Àlàyé yìí kún, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí àkọlé má tàn wá jẹ. Wọ́n yìnbọn síra wọn, lójú òfuurufú Kòríà, wọ́n kàn jọ gbà láti má sọ ọ́ síta ni.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1950 ni àwọn awakọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń fi MiG-15, bàálù ogun wọn, bá bàálù Amẹ́ríkà jà nítòsí odò Yalu tó wà láàárín Ṣáínà àti Àríwá Kòríà. Àmì Ṣáínà tàbí ti Àríwá Kòríà ni wọ́n kùn sára bàálù wọn. Aṣọ ológun ilẹ̀ òmíràn ni wọ́n wọ̀, Andong ní ilẹ̀ Ṣáínà sì ni ibùdó wọn. Àṣẹ wà pé wọn ò gbọdọ̀ sọ èdè Rọ́ṣíà lórí rédíò. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Kòríà sílẹ̀ ní lẹ́tà Rọ́ṣíà kí wọ́n lè máa kà á. Ìyẹn ò ṣiṣẹ́, torí nígbà tí ọta bá ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí èèyàn, èdè ìyá ẹ̀ ló máa bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn Amẹ́ríkà ń gbọ́ Rọ́ṣíà kedere lórí rédíò.

Wọ́n tún fòfin dè wọ́n pé wọn ò gbọdọ̀ fò lórí òkun, wọn ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ojú ogun ní gúúsù, kí Amẹ́ríkà má bàa mú ẹnì kan láàyè. Awakọ̀ tí wọ́n bá mú jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé sẹ́. Washington náà panu mọ́, torí bí aráàlú bá gbọ́ pé ọmọ Rọ́ṣíà ń pa ọmọ wọn, wọ́n á ní kí ìjọba gbéjà ko Moscow. Nítorí náà ohun tí Àgbà Òǹkàwé sọ ṣì dúró, mo kàn fi kún un pé nígbà tí ìbọn ti dún tán, dídákẹ́ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ara wọn.

Olùtọ́jú Ìwé fèsì:

Ẹ jẹ́ n gba ti Cuba. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1962 ni U-2, bàálù amí Amẹ́ríkà, ya fọ́tò ibùdó mísáìlì Sófíẹ́ẹ̀tì nítòsí San Cristóbal ní Cuba, ọjọ́ 16 ni Ààrẹ Kennedy rí i. Mísáìlì R-12 lè rin nǹkan bí 2,000 kìlómítà, ó sì lè dé Washington. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ohun tó dá wọn dúró ni pé àwọn ọmọ ogun òfuurufú ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn á run gbogbo ẹ̀ tán. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́ kù ti tó ìlú kan pa.

Wọ́n bá gba orí omi. Nínú òfin àgbáyé, dídó ti èbúté orílẹ̀-èdè kan jẹ́ ogun, nítorí náà Kennedy pè é ní ìsémọ́, ó sì gba ìbò ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 23 kó tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24. Ohun ìjà nìkan ni wọ́n ń dá padà. Ní ọjọ́ 25 wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ epo Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Bucharest kọjá. Ní ọjọ́ 26 wọ́n gun Marucla wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ yan án: Sófíẹ́ẹ̀tì ló háyà rẹ̀, ṣùgbọ́n àsíá Lẹ́bánónì ló wà lórí ẹ̀. Kennedy fi hàn pé òun ń ṣọ́ ojú omi lóòótọ́, láì fọwọ́ kan ọkọ̀ Rọ́ṣíà kankan. Àwọn ọkọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì tó gbé ohun ìjà náà ti yí padà kí wọ́n tó dé ìlà.

Títí dé ibẹ̀, ọwọ́ àwọn olórí ló wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 27, ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá ológun Sófíẹ́ẹ̀tì tó wà ní Cuba já U-2 lulẹ̀ láì gba àṣẹ Moscow, wọ́n sì pa Ọ̀gágun Rudolf Anderson. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, U-2 mìíràn ṣìnà wọ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ní Chukotka. Lábẹ́ omi, ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ B-59 ti wà nísàlẹ̀ títí bátìrì ẹ̀ fi fẹ́ tán. Ooru inú ẹ̀ kọjá 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ ò sì dáa mọ́. Àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ń ju bọ́ǹbù kéékèèké síbi tó wà, bíi kíkan ilẹ̀kùn, láti ní kó jáde sókè. Washington ti fi àlàyé àmì yẹn ránṣẹ́ sí Moscow ṣáájú, ṣùgbọ́n kò dé etí àwọn tó wà lábẹ́ omi. Wọ́n rò pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Tọ́pídò kan tó ní orí átọ́míìkì wà nínú ọkọ̀ náà, Amẹ́ríkà ò sì mọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀, Savitsky, bínú, ó fẹ́ kí wọ́n múra ẹ̀ sílẹ̀. Vasily Arkhipov, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jọ wá, wà nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí ọkàn ẹ̀ fi rọ̀. Wọ́n gòkè wá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ, rí aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì ní Washington, Dobrynin. Ohun tí wọ́n jọ gbà rèé: kí Sófíẹ́ẹ̀tì kó mísáìlì kúrò, kí Amẹ́ríkà ṣèlérí pé òun ò ní gbógun wọ Cuba, kí àwọn mísáìlì Jupiter 15 ti Amẹ́ríkà tó wà ní Tọ́kì sì kúrò láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kí ti Tọ́kì yìí má jáde síta. Ọjọ́ 28 ni Khrushchev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, kéde lórí rédíò Moscow pé òun gbà. Oṣù kẹrin 1963 ni Jupiter kúrò. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nìyẹn: ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi han ará ilé ẹ̀ kí ojú má bàa tì í ló jẹ́ kí wọ́n lè sún sẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. Ṣé lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé fóònù pupa tí wọ́n máa ń fi hàn nínú fíìmù sí orí tábìlì Ààrẹ?

Olùtọ́jú Ìwé fèsì:

Lẹ́yìn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù, kò sì pupa. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé lẹ́tà Khrushchev ti ọjọ́ 26 gba nǹkan bíi wákàtí 12 kó tó dé, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ tán. Dobrynin ní tirẹ̀ ń fi wáyà ilé iṣẹ́ Western Union ránṣẹ́. Ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ ló ń wá gbà á!

Ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 1963 ni wọ́n fọwọ́ síwèé ní Geneva, ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà ni wọ́n yàn. Lórí fóònù èèyàn lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ó lè fi ìbínú dáhùn, ògbufọ̀ sì lè ṣìṣe lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí bébà ń fún èèyàn láyè láti ronú. Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń tẹ lẹ́tà tiwọn ránṣẹ́ sí Moscow, Sófíẹ́ẹ̀tì fi mẹ́rin tó ń tẹ lẹ́tà Rọ́ṣíà ránṣẹ́ sí Washington. Oníkálukú ń kọ èdè tirẹ̀, ẹni tó gbà á ló ń túmọ̀. Wáyà náà gba London, Copenhagen, Stockholm àti Helsinki kó tó dé Moscow. Ti rédíò tó gba Tangier wà ní ìpamọ́. Wọ́n ń dán an wò ní wákàtí wákàtí. Ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ní oṣù kẹfà 1967 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún ọ̀rọ̀ gidi. Nígbà náà ọkọ̀ ogun àwọn méjèèjì wà nítòsí ara wọn lórí òkun Mẹditaréníà, wọ́n sì ń lò ó láti ṣàlàyé ìrìn àwọn ọkọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́.

Ẹyẹ Òkè fèsì:

Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀rọ kún un, torí lẹ́yìn 1962 ẹ̀rọ ló sún mọ́ àtibẹ̀rẹ̀ ogun ju ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 1979, ètò ìdánrawò kan tó ń fi mísáìlì púpọ̀ hàn wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Bàálù ogun gbéra. Wọ́n wo rédà àti sátẹ́láìtì fúnra wọn, wọ́n rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 1980, ó tún ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń fi iye mísáìlì ránṣẹ́ nígbà gbogbo, òdo ni iye náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé wáyà ń ṣiṣẹ́. Ṣíìpù kan tí owó ẹ̀ ò ju sẹ́ńtì 46 lọ bàjẹ́, ó ń fi 2 sí ibi tó yẹ kí òdo wà. Iye tó ń jáde ò dúró sójú kan, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fura. Wọ́n wá yí ìlànà ìránṣẹ́ náà padà kó má máa kó iye mísáìlì rìn lásán mọ́.

Ti Sófíẹ́ẹ̀tì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1983. Sátẹ́láìtì ní mísáìlì kan ti gbéra ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà mẹ́rin sí i. Stanislav Petrov ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó rò ó pé kò sẹ́ni tó máa fi márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀ ogun, rédà orí ilẹ̀ ò sì rí nǹkan kan, ó bá jábọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó tàn sára ìkùukùu òkè ni sátẹ́láìtì rí tó pè ní iná mísáìlì.

Ọmọ Lùkùmí fèsì:

Ẹ kú àlàyé, gbogbo yín. Ọ̀kan kù tí kò yẹ ká fò, torí ó kàn wá. Orí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì ni ìjà yẹn ti pa èèyàn jù, Áńgólà sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1975 ni Áńgólà gba òmìnira. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ti ń jà fún òmìnira ló ń du ìjọba: Sófíẹ́ẹ̀tì àti Cuba wà lẹ́yìn MPLA ti Agostinho Neto, Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn FNLA àti UNITA. Ọmọ ogun ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ti wọlé láti oṣù kẹwàá, wọ́n ń bọ̀ wá sí Luanda, olú ìlú Áńgólà. Fidel Castro, olórí Cuba, ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ Moscow kó tó rán ọmọ ogun lọ. Carlota ló sọ iṣẹ́ ológun náà, orúkọ obìnrin Lùkùmí kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas ní oṣù kọkànlá 1843, tí wọ́n sì pa.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀ gan-an le. Bàálù Bristol Britannia àtijọ́ ni Cuba ní, kò lè fò láti Havana dé Áfíríkà láì dúró rọ epo. Wọ́n ń dúró ní Barbados, lẹ́yìn náà ní Guinea-Bissau. Ní oṣù Kejìlá, Amẹ́ríkà fínná mọ́ Barbados, ọ̀nà yẹn sì dí. Wọ́n wá ibòmíì gbà títí Sófíẹ́ẹ̀tì fi yọ̀ǹda IL-62 ní oṣù kìn-ín-ní 1976. Ní Washington, ilé aṣòfin àgbà dìbò 54 sí 22 ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1975 láti dáwọ́ owó ìkọ̀kọ̀ tó ń lọ sí Áńgólà dúró, torí ìrora Vietnam ṣì wà lára wọn.

Nàìjíríà fẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣèjọba tẹ́lẹ̀. Nígbà tó hàn pé Gúúsù Áfíríkà ti wọlé, ìjọba Murtala Muhammed gba MPLA gẹ́gẹ́ bí ìjọba Áńgólà ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá. Ààrẹ Ford kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Áfíríkà pé kí wọ́n lòdì sí Cuba, Lagos sì fi ìbínú kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ní ìpàdé OAU, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní Addis Ababa ní oṣù kìn-ín-ní 1976, Murtala sọ̀rọ̀ sí Washington lójú gbogbo ayé. Ìbò ibẹ̀ lórí bóyá kí wọ́n gba ìjọba MPLA dọ́gba, 22 sí 22. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀ fi gbà.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1988 ni Áńgólà, Cuba àti Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ síwèé ní New York. Cuba ní nǹkan bí 50,000 ọmọ ogun níbẹ̀ nígbà yẹn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn alámòójútó ológun 70 lọ, wọ́n ń ka àwọn ọmọ ogun Cuba bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ àti bàálù lọ sílé, títí èyí tó kẹ́yìn fi lọ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1991. Namibia ti gba òmìnira láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1990 nínú àdéhùn kan náà. Ogun Áńgólà fúnra rẹ̀ ò dúró títí di oṣù kẹrin 2002.